Mo So Ẹ̀rọ Títí Mo Fi Darúgbó, Omi Dà?

Ọṣẹ wà lójú mi nígbà tí omi tán. Àárọ̀ Àlàmísì tó kọjá ni mò ń sọ. Mo ti fi ọṣẹ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, mo na ọwọ́ sí garawa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó mí fúù, ó dákẹ́. Mo pariwo pe ìyàwó mi. Ìyá Ràṣídì dáhùn láti ilé ìdáná pé omi tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, òun ti fi se ẹ̀wà. Bí mo ṣe ń táràrà kiri nínú bálùwẹ̀ ara mi nìyẹn, mo fẹsẹ̀ gbá garawa, mo fi orúnkún gbá ògiri. Rédíò wà lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà yẹn, ọmọbìnrin tó ń ka ìròyìn sì ń fi ohùn dídùn sọ pé ìjọba ti gbé omi tó mọ́ gaara dé ẹnu ọ̀nà ará ìlú.

Ẹnu ọ̀nà ta ni? Ẹ bá mi bi wọ́n. Èmi rèé ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe iṣẹ́ pọ́lọ́ńbà, tí mo so ẹ̀rọ sílé olówó àti ilé mẹ̀kúnnù, èmi ni mo jókòó sórí àpótí tí mò ń fi aṣọ ìnura gbígbẹ nu ọṣẹ lójú. Wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn tí a dìbò fún gan-an nìyẹn. Ata wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń fẹ́ wa lójú lọ́dọọdún.

Àwọn ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ ló ní kí n sọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí. Wọ́n máa ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ pọ́lọ́ńbà dáa?" Ó dáa. Ó bọ́ mi, ó bọ́ ọmọ mi, n kò jalè, n kò tọrọ jẹ. Ìlú tí mo ti ṣe é ni mo bá ní ẹjọ́, bí ẹ bá sì rí i pé mò ń jágbe nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú. Inú ló ń bí mi.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde ìwé mẹ́fà, bàbá mi tó ń dáko ní Ìbẹ̀fun ò lágbára àtirán mi lọ síwájú, ó mú mi wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Odùsànyà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin kúkúrú ni Ọ̀gá, ṣòkòtò kakí péńpé ló máa ń wọ̀, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá ké mọ́ ẹ pé "Hẹ̀n?" láti òpin àdúgbò, sípánà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Páìpù onírin là ń lò nígbà náà. Ọwọ́ lèèyàn fi ń gé eyín sí ẹnu rẹ̀ kó lè wọnú ara wọn, wàá máa yí irin yíká, wàá máa ta epo sí i, èjìká á máa ro ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí Ọ̀gá bá fi àtàǹpàkò kan eyín tí o gé, tó rí i pé kò dọ́gba, inú gọ́tà ló máa sọ páìpù náà sí. Ìwọ lo máa wọ gọ́tà lọ mú un, ìwọ lo máa fọ̀ ọ́, ìwọ lo máa tún un gé. Ọjọ́ kan mo so oríta páìpù kan, ibi tí páìpù mẹ́ta ti pàdé, ní ilé alájà kan, omi ń ta tó, tó, tó. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ọ̀gá, ó máa dáa."

Ìkó tí mo jẹ lórí lọ́jọ́ náà, mo ṣì lè fi ìka tọ́ka ibi tó bà.

"Ó máa kí ni?" Ọ̀gá pariwo. "Wé è gbọ́? Omi ò mọ 'ó máa dáa'! Ihò tí abẹ́rẹ́ ò lè gbà kọjá, omi á gbà á. Tú u!"

Mo tú u. Mo so ó, mo tún tú u. Ìgbà tí mo so ó dáadáa, àwọn ará ilé ti jẹun alẹ́ tán, Ọ̀gá sì ṣì dúró tì mí, kò jókòó. Èyí ni n kì í gbàgbé nípa rẹ̀. Ó le, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ẹ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ kó lọ gbé ọtí síwájú.

Àṣà kan wà tí Ọ̀gá ò fi ṣeré. Bí a bá parí iṣẹ́ nílé èèyàn, a ó jẹ́ kí omi dà títí ìdọ̀tí á fi jáde tán. Onílé á wá gbé ife wá, inú rẹ̀ á máa dùn, á fẹ́ bu omi ilé rẹ̀ mu. Ọ̀gá ò ní gbà. Òun ni yóò kọ́kọ́ bu, yóò mu ún ní ìdúró lójú gbogbo ilé, yóò dojú ife kọlẹ̀, yóò ní, "Mo ti mu ún o." Ìgbà náà làwọn onílé máa tó mu. Gbogbo àgbà Ìjẹ̀bú-Òde tó so ẹ̀rọ láyé ìgbà yẹn ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàdúrà tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní sípánà tí òun fún mi, ó lè sọnù, ṣùgbọ́n kí n má sọ àṣà yìí nù. "Bí ìwọ tó so ó ò bá lè mu ún, ta lo fẹ́ kó mu ún?"

N kò sọ ọ́ nù. Ibi tó bá mi dé, ẹ ó gbọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi, ẹ̀rọ ìjọba ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni parọ́ fún yín. Omi ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ omi, ó ń gba abẹ́ títì, ó ń wọlé. Ẹ̀rọ wà ní oríta, àwọn obìnrin á tò síbẹ̀, wọ́n á máa jà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ó di oṣù-oṣù, ó wá di ìtàn. Kò sẹ́ni tó jáde wá sọ pé ẹ má bínú. Olúkúlùkù gbẹ́ kànga, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ owó gbẹ́ bọ́họ̀lù. Gbogbo onílé wá di ìjọba ara rẹ̀. Ó gbẹ́ omi ara rẹ̀, ó ra jẹnẹrétọ̀ ara rẹ̀, ó gba ọdẹ ara rẹ̀, ó dí kòtò iwájú ilé ara rẹ̀. Kí wá ni iṣẹ́ àwọn tó wà ní sẹkitéríàtì? Owó orí ni wọ́n ń wá gbà.

Irinṣẹ́ wa náà yí padà. Páìpù onírin lọ, ti rọ́bà dé, gọ́ọ̀mù la fi ń lẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lo gọ́ọ̀mù yẹn, eṣinṣin bà mí nírùngbọ̀n, mo fọwọ́ gbá a, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n. Bí mo ṣe di ọwọ́ mọ́ àgbọ̀n wọlé nìyẹn, tí gbogbo àdúgbò ń bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí. Àlùmọ́gàjí ni Ìyá Ràṣídì fi gé mi sílẹ̀, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ní báyìí, iná ni wọ́n fi ń lẹ páìpù, á gbóná, wàá tì í bọnú ara wọn, ó parí. Ó yá, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti fẹ́ rí iná ọ̀hún? Àwọn oníná ti pín wa sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí bí àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n ní ẹni tó bá sanwó jù ló máa rí iná jù. Ìgbà tí wọ́n sì ní àwọn yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ á kọ́kọ́ ka owó ọwọ́ rẹ̀ wò. Lórí rédíò, wọ́n ní ká fara dà á, ó máa dáa. Ọ̀gá Odùsànyà ì bá wà láyé, ìkó ni ì bá fún wọn.

Ó wá ku ti Ọnọrébù.

Mo ti ń dẹwọ́ iṣẹ́ nígbà náà. Kọnturakítọ̀ kan wá bá mi, ó ní Ọnọrébù tó ń ṣojú wa ń gbẹ́ bọ́họ̀lù fún abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, pé àgbà tí àwọn èèyàn mọ̀ làwọn fẹ́ kó so ẹ̀rọ ibẹ̀. N kò ní dárúkọ abúlé náà, wọ́n ti jìyà tó. Gaàrí ni iṣẹ́ wọn, gaàrí ò sì ṣeé ṣe láìsí omi. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni odò wọn wà, ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń ru omi gòkè. Ìyá Sẹ́lí, ìyá àgbà tó ṣáájú àwọn onígaàrí, ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ pẹ̀lú bàsíà omi lórí, láti ìgbà náà ló ti ń fẹsẹ̀ kan wọ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́, òun ló ń fún mi ní oúnjẹ. Ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú Ìyá Ràṣídì.

"Tí omi yìí bá dé," ó máa ń sọ fún mi, "mé è ní í sọ̀kalẹ̀ lọ sódò yẹn mọ́. Mé è lọ mọ́!"

Wọ́n ti fi páànù yí ibi tí wọ́n ní bọ́họ̀lù wà ká, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Mo ní kí wọ́n ṣí i kí n wò ó. Kọnturakítọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnjiníà. Mo tún béèrè ní ọjọ́ kejì. Ó ní, "Bàbá, láti inú táńkì dé ẹnu ẹ̀rọ niṣẹ́ yín. Ẹ fi ilẹ̀ fún àwọn onílẹ̀." Mo ṣe iṣẹ́ tèmi, kò jò níbì kan.

Ọjọ́ ìṣíde, tí wọ́n máa ṣí ẹ̀rọ fún abúlé, pé. Wọ́n ta àtíbàbà, àwọn onífọ́tò dé, Ọnọrébù sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tò síbẹ̀. Ìgbà tó yí ẹnu ẹ̀rọ, omi dà wàà. Àwọn obìnrin pariwo, òmíràn sunkún. Ọnọrébù gba ife, ó ń gbé e lọ sẹ́nu kí àwọn onífọ́tò lè yà á.

"Ẹ dúró ná, Ọnọrébù!" Ìyá Sẹ́lí ló dìde. "Wọ́n ní Bàbá Ràṣídì ló máa ń kọ́kọ́ mu ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún ká rí i."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ara mi wú, kí n má parọ́. Mo jáde, mo gba ife lọ́wọ́ Ọnọrébù, mo mu ún ní ìdúró, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Mo ní, "Mo ti mu ún o!" Igbe ayọ̀ tí wọ́n ké, ó dé Ìmùṣin. Ọnọrébù fọwọ́ lé mi léjìká, ó rẹ́rìn-ín, fọ́tò ń mọ́lẹ̀ wàì wàì.

Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n pè mí. Ẹ̀rọ ti ń mí fúù. Mo sáré lọ. Ẹnì kan ti já ilẹ̀kùn páànù náà, wọ́n ní kí n wá wò. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ihò níbẹ̀. Koríko ló wà níbẹ̀. Wọ́n ri ègé páìpù kan mọ́lẹ̀ bí èèkàn tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́, wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà búlúù. Ipa táyà ọkọ̀ táńkà ṣì wà lórí ilẹ̀. Omi tí táńkà rọ sínú táńkì láàárọ̀ ọjọ́ ìṣíde la jó sí, òun ni mo mu, òun ni mo jẹ́rìí sí.

N kò lè sọ bí inú ṣe bí mi. Mo wá ẹni tí màá bá jà, Ọnọrébù ti padà sí Àbújá. Ìyá Sẹ́lí jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kò bú mi. Ó ní, "Bàbá Ràṣídì, àwa ò mọ Ọnọrébù. Ẹ̀yin la mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mu ún, òun la fi gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìkó Ọ̀gá lọ. Orúkọ tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ni wọ́n fi ife omi kan rà.

Mo lọ bá kọnturakítọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní wọ́n ti sanwó iṣẹ́ mi, kí ló tún kàn mí. Mo lọ sí ọ́fíìsì Ọnọrébù, wọ́n fi mí jókòó títí ìdí fi ń ro mí, wọ́n wá fún mi ní kàlẹ́ńdà. Mo tú u, mo rí ara mi. Èmi ni, ife lẹ́nu, ọwọ́ Ọnọrébù léjìká mi. "Omi fún gbogbo ayé" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ìbò tún súnmọ́, wọ́n lẹ àwòrán náà mọ́ gbogbo ògiri láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Òdògbolú. Bí mo bá dé mọ́ṣáláṣí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á na kẹ́tùrù àlùwàlá sí mi pé, "Bàbá olómi, ẹ fún wa níwọ̀nba." Àwọn ń ṣeré ni. Èmi ò lè sùn.

Nígbà tí mo wá gbọ́ lórí rédíò pé Ọnọrébù ń fi abúlé yẹn gan-an yangàn, mo dìde, mo wá páìpù réńṣì mi jáde. Ìyá Ràṣídì ní, "Níbo lẹ ń lọ, ẹ̀yin bàbá yìí?" Mo ní mò ń lọ parí iṣẹ́ kan. Mo gun ọ̀kadà. Kòtò kan tí àwọn ìjọba kan náà ti ṣèlérí láti dí gbé wa ṣubú ṣáájú Ìmùṣin, ṣòkòtò mi ya láti orúnkún dé kókósẹ̀. Mo dìde, mo tún gun ọ̀kadà náà. Mo dé abúlé ní ọ̀sán gangan, lójú baálẹ̀, lójú àwọn onígaàrí, mo sì tú gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tí mo so, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní wọn ò ní í fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ya fọ́tò irọ́ mọ́ láyé.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Ọnọrébù ló pe ọlọ́pàá. Wọ́n gbé èmi àti ẹ̀rọ mi lọ sí àgọ́ wọn, wọ́n to àwọn ẹnu ẹ̀rọ náà sórí tábìlì bí ìbọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olè. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, "Bàbá, ẹ dàgbà, ẹ sì ba dúkìá ìjọba jẹ́. Àtìmọ́lé ni ọ̀rọ̀ yín."

Kò tíì pa ẹnu dé tí a fi gbọ́ ariwo níta. Ìyá Sẹ́lí ló ń fẹsẹ̀ wọ́ wọlé bọ̀, àwọn onígaàrí tò tẹ̀ lé e, bàsíà òfìfo lórí, kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kún gbogbo ojúlé. Ìyá Sẹ́lí ò gbà kí wọ́n fún òun ní àga.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ gbé bàbá yìí, ẹ gbé ẹ̀rọ yìí, ẹ jẹ́ ká padà lọ so ó báyìí. Bí omi bá dà, kí ẹ tì í mọ́lé, ẹ tì mí mọ́ ọn. Bí omi ò bá dà, kí ẹ sọ ohun tó bà jẹ́ fún mi."

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo ẹ̀rọ, ó wo bàsíà. Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà tó fi sáré tọ̀ mí wá, tó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn bárékè wa, a ò rántí ìgbà tí omi ti dà níbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ ò lè bá wa wò ó?" Mo wò ó. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá kọ́ ọ, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó so ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni tó gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ní kó ṣí ilẹ̀kùn páànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kó irinṣẹ́ yín máa lọ.

Níta àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn obìnrin ń yìn mí, wọ́n ń pè mí ní ọkùnrin. Lóòótọ́, láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n Ìyá Sẹ́lí ò bá wọn pariwo. Ó gbé bàsíà rẹ̀, ó ń ṣètò òṣùká sí orí, torí ọ̀nà odò ni wọ́n ń gbà lọ sílé, gaàrí ń dúró dè wọ́n.

"Bàbá Ràṣídì," ó ní, "ẹ ti gba orúkọ yín padà, mo bá yín yọ̀. Omi tiwa ńkọ́?"